Okùn Tí Kò Dé Ìsàlẹ̀: Ìrírí Mi Nídìí Àkójọ Ohun Èlò Ìwádìí Òkun

Mo ń kọ èyí fún ẹni tí wọ́n máa gbé irú iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́ lẹ́yìn mi. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá á pè yín, á ní kí ẹ lọ ṣe àkójọ gbogbo ọkọ̀ ìwádìí, ibùdó etí òkun, róbọ́ọ̀tì abẹ́ omi, táǹkì àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wádìí òkun, kí ẹni tí kò ní irú rẹ̀ lè mọ ibi tó ti máa yá a lò. Lójú yín, á dà bí iṣẹ́ akọ̀wé lásán. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lójú mi. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé oṣù mẹ́fà á tó. Ọdún mẹ́rin ló gbà mí, ọdún méjì àkọ́kọ́ ni mo sì fẹ́ kí ẹ bọ́ lọ́wọ́ irú rẹ̀.

Kí n tó bọ́ sídìí iṣẹ́ yìí, omi òkun ni mo ń yẹ̀ wò. Mo mọ bó ṣe ń rí lára kí ìbéèrè tó dáa wà lọ́kàn èèyàn, kó má rí ọkọ̀ tó máa gbé e dé ibi tí ìdáhùn wà. Mo sì mọ ìdí tí ọkọ̀ fi ṣọ̀wọ́n. Ọkọ̀ ìwádìí ń jẹ owó lójoojúmọ́, ì báà wà lójú agbami, ì báà so mọ́ èbúté: epo ni, owó oṣù àwọn atukọ̀ ni, àtúnṣe ni. Àwọn kan ní ọkọ̀ tó ń fọ́ yìnyín kọjá, bíi Polarstern ti Jámánì. Àwọn kan ní róbọ́ọ̀tì tó ń sọ̀ kalẹ̀ dé 6,000 mítà, bíi Victor 6000 ti ilẹ̀ Faransé. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ìyẹn ló mú kí àwọn ilé ìwádìí láti Jámánì, Faransé, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Netherlands, Norway àti Spain jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní OFEG, tí wọ́n ti ń fi ọjọ́ lórí ọkọ̀ tiwọn pààrọ̀ ọjọ́ lórí ọkọ̀ ẹlòmíràn. Owó kì í kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì. Point ni wọ́n ń kà, ọkọ̀ ńlá ní iye tirẹ̀, ọkọ̀ kékeré ní tirẹ̀.

Àmọ́ èèyàn ò lè yá ohun tí kò mọ̀ pé ó wà. Ibẹ̀ ni àkójọ ti wúlò.

Mo tún ní ìtàn kan tí mo fi ń gba ara mi níyànjú. Ní 1872 ni Anton Dohrn, ọmọ Jámánì, dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ létí òkun ní Naples ní Ítálì. Ó ń yá tábìlì fún àwọn ìjọba àti yunifásítì ní ọdọọdún. Bí ẹ bá ti san owó tábìlì kan, ẹni tí ẹ bá rán lọ á bá ibi ìṣiṣẹ́ nílẹ̀, á bá kẹ́míkà, á bá ìwé ní yàrá ìkàwé, wọ́n á sì máa mú ẹranko òkun tó ń wádìí wá fún un. Pípín lò ni mo rí nínú ìtàn yẹn. Ohun tí mi ò rí nígbà náà ni pé ẹni tó ń gbéra lọ sí Naples ti mọ ohun tí òun máa bá lórí tábìlì. Dohrn kò kàn kọ ọ́ síbì kan pé "a ní tábìlì."

Fọ́ọ̀mù ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo jókòó ti Excel fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ń ro gbogbo ohun tí èèyàn lè bi ọkọ̀. Gígùn rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀, ọdún tí wọ́n kàn án, agbára ẹ́ńjìnnì, irú epo, iye èèyàn tó lè gbé, gbogbo ẹ̀rọ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè náà lé ní ọgọ́rùn-ún. Inú mi dùn sí i gan-an, mo rò pé bí ìbéèrè bá ṣe pọ̀ tó ni àkójọ á ṣe níyì tó. Mo fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ilé iṣẹ́ tí mo ní ímeèlì wọn. Oṣù méjì kọjá, ìwọ̀nba díẹ̀ ló padà dé, ìlàjì ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ṣófo. Mo fi ìránnilétí ránṣẹ́. Mo tún fi òmíràn ránṣẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí wọn lọ́kàn mi, pé ta ni wọ́n fẹ́ kó bá wọn ṣiṣẹ́ wọn.

Ọ̀kan nínú wọn, ẹnjiníà àgbà kan tó ń bójú tó ọkọ̀, pè mí lórí fóònù. Kò bínú. Ó kàn bi mí pé, "Ẹni tó máa ka ìdáhùn yìí, kí ló fẹ́ fi agbára ẹ́ńjìnnì mi ṣe?" Mi ò rí nǹkan kan sọ. Ó wá ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ń bi mí fún yín." Mo fa ìwé kan, mo sì ń kọ. Ìbùsùn mélòó ló ṣẹ́ kù fún olùwádìí, lẹ́yìn tí àwọn atukọ̀ bá ti gba tiwọn? Kí ni ìwúwo tí férémù irin ẹ̀yìn ọkọ̀ lè gbé láìséwu nígbà tí ọkọ̀ ń fì, kì í ṣe nígbà tó dúró jẹ́ẹ́ ní èbúté? Ṣé ààyè wà fún kọ̀ńténà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 20, ṣé omi àti iná á dé ibẹ̀? Ọjọ́ mélòó ló lè lò lójú agbami kó tó padà wá gbé epo? Ṣé ọkọ̀ lè dúró sójú kan láìjẹ́ pé ó ju ìdákọ̀ró? Iná inú láàbù rẹ̀, ṣé 50 Hz ni àbí 60? Ìbéèrè bíi mẹ́wàá péré ni.

Ó yẹ kí n ya fọ́ọ̀mù mi dànù lọ́jọ́ náà. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti fi gbogbo ìbéèrè yẹn ránṣẹ́ sáyé, ó sì ń tì mí lójú láti sọ fún ọ̀gá mi pé kí a bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Dípò ìyẹn, mo fi mẹ́wàá tirẹ̀ kún tèmi. Bí ẹ bá ń ka èyí, tí ẹ ti fi fọ́ọ̀mù gígùn ránṣẹ́, ẹ pè é padà lónìí. Ìtìjú ọjọ́ kan sàn ju ohun tó dé bá mi lẹ́yìn náà.

Ohun tó dé bá mi wá láti inú àlàfo. Mo kórìíra àlàfo. Àwọn tó ń fún wa lówó ń bi wá ní ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún tí a ti kún, ọ̀gá mi sì ń bi mí ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Torí náà, níbi tí onílé, ìyẹn ẹni tó ni ohun èlò náà, kò ti dáhùn, mo lọ ń wá ìdáhùn fúnra mi. Ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n tẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣí ọkọ̀, ojú ewé àtijọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwòrán kan tí mo ka nọ́ńbà lára rẹ̀. Mo ń kọ wọ́n sínú àkójọ láìfi àmì kankan sí wọn. Ẹni tó bá ń kà á kò lè mọ èyí tí onílé sọ yàtọ̀ sí èyí tí mo ṣa jọ.

Lára nọ́ńbà tí mo ṣa jọ bẹ́ẹ̀ ni gígùn okùn wáyà kan.

Ọ̀dọ́mọbìnrin olùwádìí kan ń wá omi tó wà nísàlẹ̀ gan-an, níbi tí òkun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jìn tó 5,000 mítà. Iṣẹ́ rẹ̀ kéré, kò tó ohun tí wọ́n máa torí ẹ̀ gbé ọkọ̀ jáde, torí náà wọ́n bá a wá àyè sínú ìrìn àjò ẹlòmíràn ní ìkẹyìn. Kò sí níbi ìpàdé tí wọ́n ti ń yẹ ohun èlò ọkọ̀ wò. Àkójọ wa ló wò. A kọ ọ́ síbẹ̀ pé okùn tí wọ́n fi ń sọ CTD kalẹ̀ gùn tó 6,000 mítà. CTD ni ẹ̀rọ tó ń wọn iyọ̀, ìgbóná àti jíjìn omi, tí wọ́n to àwọn ìgò yí ká kí ó lè bu omi wá láti ibikíbi tí ẹ bá fẹ́. Ìgbà tí wọ́n dé ojú ibẹ̀, tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹni tó ń darí ẹ̀rọ náà dá a dúró nígbà tó kù díẹ̀ kó pé 4,200 mítà. Ó ní okùn ti tán.

Ímeèlì rẹ̀ kò gùn. Kò bú mi. Ó ní ọdún kan àbọ̀ ni òun fi wá àyè yẹn, òun ò sì mọ ìgbà tí òmíràn máa yọ. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ni mi ò gbàgbé: "Ohun tí ẹ kọ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé." Mo kà á lórí tábìlì mi láàárọ̀, ara mi bù máṣọ. Mo dìde, mo jáde, mo tún padà wá kà á. Òun nìkan kọ́ ni mo ń rò. Mo ń ro iye nọ́ńbà tó wà nínú àkójọ yẹn tí mo ṣa láti inú ìwé pẹlẹbẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó pe ẹnjiníà àgbà yẹn, pé kí ó ṣàlàyé bí okùn 6,000 mítà ṣe ń di kékeré. Ó ní ibi tí okùn ti so mọ́ ẹ̀rọ ló ń jìyà jù. Ó ń tẹ̀, ó ń lọ́, iyọ̀ ń jẹ ẹ́, wáyà inú rẹ̀ tó ń gbé iná àti dátà á wá já. Bí ìdí rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, wọ́n á gé ibẹ̀ dànù, wọ́n á so ó lọ́tun. Ọdún dé, ọdún lọ, wọ́n ń gé e. Ohun tó ṣẹ́ kù pàápàá, wọn kì í tú u tán, torí ó gbọ́dọ̀ ku ìdì mélòó kan lórí àgbá tí wọ́n wé e mọ́ kó má bàa já bọ́ sómi. Nígbà tó bá kúrú jù ni wọ́n ń ra tuntun. Ó wá sọ ohun tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri títí dòní: "Ìwé pẹlẹbẹ mọ bí ọkọ̀ ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n bí i. Ẹni tó ń gé okùn ló mọ bó ṣe rí lónìí."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo pa gbogbo nọ́ńbà tí onílé kò fọwọ́ ara rẹ̀ kọ rẹ́. Àkójọ wa já wálẹ̀ bíi pé olè jà á. Ọ̀gá mi bínú, ó ní mo ti ba iṣẹ́ ọdún kan jẹ́, a sì fa ọ̀rọ̀ náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo fi ímeèlì ọ̀dọ́mọbìnrin náà hàn án. Ó kà á, ó dákẹ́, ó ní kí n máa bá a lọ. Láti ìgbà náà, nǹkan méjì ló ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan: ta ló sọ ọ́, àti ọjọ́ wo. Níbi tí ẹnikẹ́ni ò bá ti sọ nǹkan kan, a kọ ọ́ síbẹ̀ pé "a kò tíì mọ̀, ẹ bi onílé," a sì fi àdírẹ́sì rẹ̀ síbẹ̀. Àlàfo tó bá jẹ́wọ́ ara rẹ̀ kì í gbé ẹnikẹ́ni lọ sójú agbami lásán.

Ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì yẹn náà ní tirẹ̀. Orúkọ èèyàn ni mo kọ́kọ́ kọ síbẹ̀, pẹ̀lú ímeèlì rẹ̀. Láàárín ọdún kan, àwọn kan ti fẹ̀yìn tì, àwọn kan ti lọ sí ilé iṣẹ́ mìíràn, ímeèlì ń padà sọ́dọ̀ ẹni tó fi í ránṣẹ́. Ímeèlì ipò ni kí ẹ béèrè, èyí tí ẹni tó bá ṣáà wà lórí àga náà á máa kà. Bí ilé iṣẹ́ kan ò bá ní irú rẹ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣí ọ̀kan.

Orúkọ ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ mí lẹ́mìí. Wọ́n ń ta ọkọ̀, wọ́n ń pa orúkọ rẹ̀ dà, wọ́n ń pa àsíá rẹ̀ dà. Ọkọ̀ kan wà nínú àkójọ wa lẹ́ẹ̀mẹta, ní orúkọ mẹ́ta, mo sì ti kà á sí ọkọ̀ mẹ́ta nínú ìròyìn tí a fi ránṣẹ́ sí àwọn tó fún wa lówó. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: ọkọ̀ méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà. Discovery tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò báyìí dé ní 2013, ṣùgbọ́n Discovery tó ṣáájú rẹ̀ ti wà láti 1962, bẹ́ẹ̀ náà ni Sonne ti Jámánì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014 ṣe rọ́pò Sonne mìíràn. Ẹni tó bá ń wá ìtàn ìrìn àjò ọkọ̀ á da wọ́n pọ̀.

Nọ́ńbà IMO, tí wọ́n fi orúkọ àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọkọ̀ ojú omi pè, ló gbà mí. Nọ́ńbà méje ni, ara ọkọ̀ ni wọ́n fún, kì í sì í yí padà bí wọ́n bá pa orúkọ, olówó tàbí àsíá dà. Ohun tó tún dùn mọ́ mi nínú rẹ̀ ni pé ó ń yẹ ara rẹ̀ wò. Ẹ mú 9074729. Ẹ ṣe 9 lọ́nà 7, 0 lọ́nà 6, 7 lọ́nà 5, 4 lọ́nà 4, 7 lọ́nà 3, 2 lọ́nà 2. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ 139. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn 139 ni 9, 9 yẹn náà ló sì kẹ́yìn nọ́ńbà ọkọ̀. Bí ẹnì kan bá ṣi nọ́ńbà kan tẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ìṣirò náà kò ní bára mu. Mo fi í sínú Excel, ó sì mú àṣìṣe tí ojú mi ti wò kọjá láìmọye ìgbà.

Ọkọ̀ kékeré púpọ̀ ò ní IMO, ibùdó etí òkun ò sì ní. Fún àwọn wọ̀nyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá kóòdù tèmi sílẹ̀, kóòdù kan báyìí tó ní lẹ́tà mẹ́ta àti nọ́ńbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. ICES, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ṣèwádìí òkun, ní kóòdù fún ọkọ̀ ìwádìí, títí kan àwọn kéékèèké. SeaDataNet, ètò àwọn ará Yúróòpù fún dátà òkun, ní EDMO, tó fún ilé iṣẹ́ òkun kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. ROR ní tirẹ̀ fún ilé ìwádìí káàkiri àgbáyé, ọ̀fẹ́ sì ni. Ìgbà tí mo pààrọ̀ kóòdù tèmi sí tiwọn ni àkójọ wa tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ti àwọn ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Ìròyìn ìrìn àjò tí ọ̀gá olùwádìí ń kọ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá dé, èyí tí wọ́n ń pè ní Cruise Summary Report, ti ní kóòdù ọkọ̀ nínú. Ẹni tó ń wo ọkọ̀ kan lọ́dọ̀ wa lè wá rí ibi tó ti lọ àti iṣẹ́ tó ti ṣe, kó sì fi ojú ara rẹ̀ díwọ̀n bóyá ó lè ṣe tòun.

Àwọn ibùdó kan bọ́ sáàárín òkun lórí máàpù wa, torí pé mo gbàgbé àmì ìyọkúrò níwájú nọ́ńbà tó ń sọ bí ibi kan ṣe jìn sí ìwọ̀ oòrùn tó. Ẹ fi máàpù wo gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó gbé e jáde, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Ọ̀rọ̀ tó ṣòro jù ni "ṣíṣí sílẹ̀." Mo bi gbogbo wọn pé, "Ṣé ẹ gba àlejò?" Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo fi àmì aláwọ̀ ewé sí gbogbo wọn, ó dára lójú. Àmọ́ fún ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni túmọ̀ sí pé ẹni tó bá mọ ọ̀gá ibẹ̀ lè wá. Fún òmíràn, ó túmọ̀ sí pé ẹni tó bá lè sanwó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lè wá. Fún ẹ̀kẹta, àyè á ṣí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n á fi ìwé yín síwájú àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn kan sì wà tí bẹ́ẹ̀ ni tiwọn so mọ́ ètò kan. Àjọ European Commission ti fi owó ran irú ètò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, bíi Eurofleets fún ọkọ̀, ASSEMBLE fún ibùdó etí òkun àti JERICO fún ohun èlò tó wà nítòsí etíkun. Tí wọ́n bá yan iṣẹ́ yín, ètò náà á san owó ibi tí ẹ ń lọ, ẹ ò ní san án. Ó dáa púpọ̀. Ṣùgbọ́n ètò ní òpin. Ètò á parí, àmì aláwọ̀ ewé á ṣì wà lọ́dọ̀ wa, àwọn èèyàn á máa kọ̀wé síbi tí kò gba ẹnikẹ́ni mọ́.

Mo yọ àmì aláwọ̀ ewé kúrò. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni: ta ló lè béèrè, ẹnu ọ̀nà wo ló máa gbà wọlé, ìgbà wo ni wọ́n ń gba ìwé, ta ló ń sanwó, kí ló wà nínú owó náà, àti ọjọ́ tí ètò máa tán. Bí ọjọ́ náà bá dé, ìlà náà á pa ara rẹ̀ mọ́ títí onílé fi máa kọ̀wé wá.

Ohun kan tún wà tí kò sí lọ́wọ́ onílé rárá. Ẹnì kan rí ọkọ̀ nípasẹ̀ wa, ó rí owó, ó tún rí àyè. Ibi tó fẹ́ lọ wà nínú omi orílẹ̀-èdè mìíràn. Òfin Òkun tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní 1982 fún orílẹ̀-èdè tó ní etíkun láṣẹ lórí ìwádìí tó bá wáyé láàárín 200 máìlì òkun sí etíkun rẹ̀, abala 248 sì ní kí àlejò kó gbogbo àlàyé iṣẹ́ rẹ̀ síwájú wọn, ó kéré tán oṣù mẹ́fà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ló kù fún un. Kò lọ. Mi ò lè bá a gba ìyọ̀ǹda, àmọ́ mo lè kọ gbólóhùn kan sókè ojú ewé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ì bá ti jẹ́ kó mọ̀. Ó wà níbẹ̀ báyìí.

Ní ọdún kẹta ni mo kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ ara mi lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ibùdó kéékèèké. Mo ti ka ibẹ̀ sí ohun tí kò tó nǹkan, torí pé ìdáhùn wọn sí fọ́ọ̀mù mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo pátápátá. Ọkọ̀ wọn ò ju ọkọ̀ kékeré kan lọ. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ mú mi lọ síbi pọ́ǹpù. Páìpù méjì ló ń fa omi òkun wọlé, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, èkejì ń sinmi. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ṣí ọ̀kan, ó fi inú rẹ̀ hàn mí: ìṣáwùrú ti so mọ́ ọn yíká, àwọn ọmọ kéékèèké, bí ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀. Ó ní bí òun bá pa páìpù kan tì, omi inú rẹ̀ á dúró, afẹ́fẹ́ inú omi á tán, ohun tó so mọ́ ọn á kú, òun á fi omi ṣàn án kúrò, òun á sì gbé iṣẹ́ fún un padà. Torí bẹ́ẹ̀, omi òkun tó ń ṣàn wọ inú táǹkì ibẹ̀ kì í dáwọ́ dúró. Ó ń sẹ́ gba inú iyanrìn kọjá. Ó ní ìwé kan lọ́wọ́ tó ń kọ ìgbóná omi sí lójoojúmọ́, àti ìwé mìíràn tó kọ oṣù tí ẹranko kọ̀ọ̀kan ní àdúgbò ibẹ̀ ń yé ẹyin sí.

Ìbéèrè tó lé ní ọgọ́rùn-ún, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó béèrè èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí. Ó dùn mí gan-an. Ẹni tó ń wádìí bí ọlẹ̀ ṣe ń dàgbà nínú ẹyin ẹranko òkun ò nílò ọkọ̀ 100 mítà. Ó nílò omi tí kì í dá, ó sì nílò láti mọ̀ pé oṣù kẹta ni òun gbọ́dọ̀ dé, kì í ṣe oṣù kẹsàn-án. Ní Naples, Salvatore Lo Bianco, tó ṣiṣẹ́ ní ibùdó Dohrn, ti tẹ irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde kí ọ̀rúndún ogún tó bẹ̀rẹ̀. Mo padà sílé, mo ya fọ́ọ̀mù sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ti ọkọ̀, ti ibùdó, ti ẹ̀rọ abẹ́ omi, ti ilé àkójọ. Kò sí èyí tó ju ìbéèrè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.

Ilé àkójọ yẹn, ìyẹn ibi tí wọ́n ń kó ohun tí wọ́n mú láti inú òkun pamọ́ sí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé wọn pátápátá. Mo rò pé ohun èlò ìwádìí jẹ́ ibi tí èèyàn ń lọ. Àmọ́ ní Bremen ní Jámánì, ní Texas ní Amẹ́ríkà àti ní Kochi ní Japan, wọ́n kó ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun tí wọ́n gbẹ́ jáde pamọ́ sínú yàrá tútù, ní bíi 4 Celsius, olùwádìí sì lè béèrè fún díẹ̀ nínú rẹ̀. Ní Roscoff ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n ń sin àwọn ewé òkun tí ojú lásán ò lè rí, wọ́n sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí ẹni tó bá fẹ́. Fún olùwádìí tí kò lówó ìrìn àjò, ìwọ̀nyí ni ilẹ̀kùn tó rọrùn jù láti wọlé. Mo ti fi wọ́n sílẹ̀ fún ọdún méjì nítorí pé wọn ò ní gígùn, wọn ò ní ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀rọ̀ àbójútó ló kù. Owó tí wọ́n fún wa tán ní ìparí ọdún kẹta. Mo ti rí àkójọ tó dáa tó kú báyìí, tí ojú ewé rẹ̀ ṣì ń ṣí, tí ohun inú rẹ̀ ti rà. Ohun tó gba tiwa là ni pé a dáwọ́ dúró láti máa béèrè lọ́wọ́ onílé pé kí ó wá ṣiṣẹ́ fún wa. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní oṣù tí kò ní ìrìn àjò púpọ̀, ímeèlì kan á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tó sọ lọ́dún tó kọjá ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìbéèrè kan: "Ṣé ó ṣì rí bẹ́ẹ̀?" Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ tuntun á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà rẹ̀. Bí kò bá dáhùn fún ọdún méjì, ojú ewé rẹ̀ á ní àkọlé tó ń kìlọ̀ fún òǹkàwé. Ojú ewé kò kúrò, ẹnikẹ́ni kò sì purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìkìlọ̀ kúrò lójú ewé rẹ̀ á tètè dáhùn, mo ti rí i láìmọye ìgbà.

Mo kọ̀wé sí ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn nígbà tí a tún àkójọ gbé jáde. Mo tọrọ àforíjì, mo sì fi ọkọ̀ mẹ́ta tí okùn wọn dé ibi tó ń wá ránṣẹ́ sí i, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó wọn okùn náà àti ọjọ́ tó wọ̀n ọ́n. Ó dáhùn pé òun ti rí àyè lórí ọ̀kan nínú wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ímeèlì wọlé láti ibùdó kékeré onípáìpù méjì. Mi ò fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí wọn, kò sì tíì tó àkókò wọn. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ ní pọ́ǹpù kejì ti bàjẹ́, ẹ̀yà tó fẹ́ ra kò ní dé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí n jọ̀ọ́ kọ ọ́ sójú ewé wọn kí ẹnikẹ́ni má bàa kó ẹyin ẹranko dé lásán. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ kí n tó mu tíì àárọ̀ mi tán.